Ìyàwó Tó Sùn Lórí Ìkúnlẹ̀

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ìyá Eléní pé ìyá ọkọ burúkú ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Èmi Hùmúàní ni alárinà. Ẹnu èmi yìí ló ṣe ìlérí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti ń ránṣọ ní Kétu kí ìjọba tó ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún, mo sì ti so tọkọtaya mẹ́fà pọ̀ kí n tó dé orí àwọn méjì yìí. Kò sí èyí tó fún mi ní ẹ̀fọ́rí tó ti Folúkẹ́ àti Ṣàràfá.

Lọ́dún 1974 ni Folúkẹ́ Fáṣínà kó wá sílé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Dókítà ni, kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni bí àwọn ará àdúgbò bá ń pè é ní nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọsibítù ìjọba kan lápá Èkó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú kóòtù funfun rẹ̀ wá kí n bá a tún un ṣe, mo fa téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká. Ínṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, torí gbogbo oníbàárà mi ló ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni Ṣàràfá rí i. Tíṣà ni Ṣàràfá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni dókítà tuntun tí wọ́n ń wí?" ó bi í.

"Èmi ni. Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Kò yá tẹ́lẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá báyìí tí ẹ wọlé ni."

Mo pòṣé. "Ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tíṣà! Gba ṣòkòtò ẹ, máa lọ."

Àmọ́ Folúkẹ́ rẹ́rìn-ín. Láàárín oṣù kan, ṣòkòtò kan náà ni Ṣàràfá mú wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì mọ̀ dájú pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tú ojú rírán. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n bá òun bá Folúkẹ́ sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn.

Mo bá Folúkẹ́ sọ ọ́. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, torí ọsibítù ló ti ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Aunty Hùmú, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè ọkọ?"

"Ọkọ kì í ṣe iṣẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o." Ó tún nu ojú. "Ó kàn máa ń mú mi rẹ́rìn-ín ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín dénú kẹ́yìn. Ẹ sọ fún un pé kó fún mi láyè kí n rò ó."

Oṣù mẹ́rin ló fi rò ó. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin náà, Ṣàràfá ń dúró dè é ní ibùdókọ̀ Kétu ní ọjọ́ tó bá ti ń ti iṣẹ́ bọ̀, kó lè bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí bọ́ọ̀sì á dé, tí kò ní í rí i kó sọ̀. Orun ti gbé e lọ lórí ìjókòó. Kọ̀ndọ́ ni yóò jí i ní Mile 12 tí ọkọ̀ bá ti dé òpin ìrìn àjò rẹ̀, á wá fẹsẹ̀ rìn padà sí Kétu. Nígbà tí Ṣàràfá gbọ́, kò dúró ní Kétu mọ́. Mile 12 ló lọ ń dúró sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí Folúkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ fún mi pé, "Aunty, ẹni tó mọ ibi tí orun ń gbé mi lọ, tó lọ dúró níbẹ̀, kí ni mo tún ń wá?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò di wàhálà. Nílé Folúkẹ́, ìyá rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀ kó tó kú. Ìyá Ṣàràfá ni wàhálà. Sàfúrátù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Eléní ni gbogbo Ìkòsí mọ̀ wọ́n sí, torí ẹní ni wọ́n ń hun. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Ṣàràfá nìkan ló ṣẹ́kù.

"Dókítà?" ni wọ́n wí nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú wọn. Ọwọ́ wọn kò kúrò lára koríko tí wọ́n ń hun. "Èyí tó ń sùn síbi iṣẹ́? Hùmúàní, ọmọ kan ṣoṣo ló kù mí lọ́wọ́. Ṣé ilé òfìfo ni kó máa wọ̀?"

Ẹ̀mí alárinà gbé mi. Ẹni tó bá ti ṣe é rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. A kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ já lọ́wọ́ wa.

"Ìyá, ẹ máa wò ó! Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò máa wá sílé yìí. Yóò pọnmi fún yín, yóò fọṣọ, yóò se oúnjẹ kí ẹ tó dé láti mọ́ṣáláṣí. Ẹ ò ní í mọ̀ pé dókítà ni."

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀?"

"Láìyẹ ọ̀kan."

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Folúkẹ́, ó wò mí títí. "Ẹ ò bi mí, Aunty."

"Bí mo bá bi ọ́, wàá ní rárá."

"Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ bi mí nìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àfẹ́sọ́nà wo ni kò lọ ṣiṣẹ́ nílé ìyá ọkọ rí? Mo ní ọdún kan péré ni. Mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún Ìyá Eléní pé láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, kí wọ́n má bàa ní ó ń ṣàròyé. Ó gbà. Ó fẹ́ràn Ṣàràfá, ó sì jẹ́ ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì lò ó.

Ọdún 1975 lọ báyìí. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ́sibítù, òwúrọ̀ Jímọ̀ nídìí kànga ní Ìkòsí. Méjì nínú àwọn dókítà wọ́ọ̀dù wọn ti lọ sí òkè òkun, ìjọba kò rán ẹnì kankan wá dípò wọn. Bó bá sì délé rẹ̀ ní Kétu, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í sinmi: ọmọ eléyìí ń gbóná, ìyá onítọ̀hún ń bì. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn náà láti ṣọ́ọ̀bù mi. Ó sì máa ń ṣí i. Nígbà tó mú kóòtù rẹ̀ wá lọ́dún yẹn, ìbàdí rẹ̀ ti di ínṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kí ọdún tó parí, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ìfẹ́ ń jẹ ẹ́ lára. Mo dín kóòtù náà kù, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà fún un.

Ẹ gbọ́ èyí tó tún dùn mí jù. Ó di ọdún 1976, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan. Ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta Jímọ̀ tí àwọn àgbà ilé Ṣàràfá fẹ́ jókòó gbàdúrà fún un kí wọ́n tó lọ tọrọ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Folúkẹ́ wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.

"Aunty, mo kọ oògùn fún obìnrin kan lónìí. Mo kọ mẹ́wàá síbi tó yẹ kí n kọ ọ̀kan. Karimot, nọ́ọ̀sì wa, ló rí i. Ó ní, 'Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?' Aunty, obìnrin náà ní ọmọ mẹ́ta nílé."

"Ọlọ́run ò gbà fún un. Kò ṣáà lò ó."

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbọ́ igbe aláboyún, ẹsẹ̀ mi á ti máa lọ kí n tó mọ̀. Báyìí, bí wọ́n bá ń ké, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kí wọ́n ṣáà dákẹ́. Kí wọ́n dákẹ́, Aunty. Irú ènìyàn wo ni mo dà yìí?"

Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Èmi àgbàyà! Mo ní kó mu tíì gbígbóná. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ẹni tó rẹ̀ á sinmi. Mo ní kó má gbàgbé pé Ìkòsí ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kó wọ ìró elése àlùkò. Ó mu tíì náà, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Jímọ̀ dé. Láti wọ́ọ̀dù ló ti bọ́ sínú ìró tí mo rán. A dé Ìkòsí, pálọ̀ kún. Bàbá Shittu, olórí ẹbí wọn, ni yóò gbàdúrà, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àdúrà Bàbá Shittu máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó tẹ Ìkòsí dó. Folúkẹ́ kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba lórí ẹní. A ń ṣe àmín. A ṣe é títí ẹnu fi gbẹ.

Nígbà tó yá Bàbá Shittu ní, "Ó tó, ọmọ mi, dìde."

Kò dìde.

"Dìde, ìyàwó. Ọlọ́run ti gbọ́."

Kò mira. Àwọn obìnrin ilé kọ́kọ́ yìn ín, wọ́n ní ọmọ tó ní ọ̀wọ̀ nìyí. Ìgbà náà la gbọ́ ọ: ó ń hanrun. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Eléní na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kàn án léjìká.

Folúkẹ́ fò dìde lórí eékún. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò rí wa. "Tì í!" ló ké mọ́ Ìyá Eléní lójú. "Fi ipá tì í! Orí ọmọ ti yọ!"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí Bàbá Shittu, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Lóyún," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn mi. "Orun aboyún nìyẹn. Ẹ gbọ́, ó tilẹ̀ ń lá àlá ọmọ."

Ìyá Eléní yí sí ọmọ wọn. "Ṣàràfá, ṣé o ti fún un lóyún kí a tó tọrọ rẹ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Ǹjẹ́ ta ló fún un?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo lanu, mo rántí pé èmi ni mo ní kó má sọ ibi tó ti ń bọ̀, mo pa á dé. Ṣàràfá náà mọ̀. Ẹni tó ń lọ dúró ní Mile 12 lójoojúmọ́, ta ló mọ orun Folúkẹ́ tó o? Ó tẹjú mọ́ ẹní tó wà nílẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Eléní dìde. "Bí kì í bá ṣe oyún, àìsàn ni. Obìnrin tó ń sùn lé àdúrà ẹ̀ lórí, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ọkọ? Kó fi iṣẹ́ dókítà yẹn sílẹ̀, tàbí kó fi ọmọ mi sílẹ̀. Mo ti sọ tèmi."

Folúkẹ́ dúró díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára Ṣàràfá. Lẹ́yìn náà ó kí gbogbo wọn lórí ìkúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Títí a fi dé títì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Ó dákẹ́, Aunty. Mo ń wo ẹnu ẹ̀, ó dákẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Kò gba ìwé tí Ṣàràfá ń kọ sí i. Iṣẹ́ ló tún fi kún iṣẹ́; bí ẹlòmíì bá ní kó bá òun dúró, á dúró. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wá pé kóòtù rẹ̀ tún ti ń fẹ̀ jù. Mo fa téèpù. Ínṣì mẹ́tàlélógún. Mo ní bóyá mi ò wọ̀n ọ́n dáadáa, mo tún un fà. Kí n tó ka á lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣubú sáàárín àwọn aṣọ tí mo gé sílẹ̀.

Mo kígbe. Wọ́n bá mi gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Karimot nọ́ọ̀sì, ó sáré wá, ó ní kì í ṣe oyún, kì í ṣe ibà. Àìsùn, àìjẹun àti àṣejù ni. Òun ló mú ìwé lọ fún àwọn ọ̀gá wọn, wọ́n sì fún Folúkẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbẹ̀yìn. Folúkẹ́ ń sunkún láìpariwo. Mo rò pé yóò bú mi. Ì bá bú mi!

"Mi ò ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀," ló ń wí. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Mo kàn fẹ́ sùn ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí n sùn."

Bó ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹnì kan ń wúkọ́.

Mi ò jókòó tì í mọ́, mo mú ìwé òṣùwọ̀n mi àti téèpù mi, ó di Ìkòsí. Mo bá Ìyá Eléní nídìí ẹní.

"Ẹ ní oyún ni," ni mo wí, mi ò tilẹ̀ rántí kí wọn. "Ẹ wo ìwé mi."

"O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé kà."

"Ẹ mọ ìwọ̀n." Mo fa koríko ẹní kan níbi tí wọ́n kó o jọ sí, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo gé e. "Èyí ni ìbàdí rẹ̀ lọ́dún tó dé Kétu." Mo gé èkejì. "Èyí, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi fún yín." Mo gé ẹ̀kẹta, mo gé ẹ̀kẹrin, mo tò wọ́n síwájú wọn. "Èyí, òwúrọ̀ yìí, kó tó dákú sí mi lọ́wọ́. Oyún wo ló ń mú ikùn kéré, Ìyá?"

Wọ́n mú èyí tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù, wọ́n gbé wọn síra. Wọ́n wò wọ́n pẹ́.

"Gbogbo Jímọ̀ yẹn," ni mo wí, "láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀ sílé yín, kò ní í tíì fojú kan orun. Èmi ni mo ní kó má sọ. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi ṣe ìlérí. Ẹ bú mi."

Wọn ò bú mi. "Ọjọ́ kẹta tí mo sin ọmọ mi kẹrin," ni wọ́n wí, "mo ti padà sídìí ẹní yìí. Wọ́n ní mo lágbára. Gbogbo wọn ń yìn mí. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ sùn." Wọ́n gbé orí sókè. Ṣàràfá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìwọ náà. O mọ̀ pé orun ni?"

"Mo mọ̀, Ìyá. Ojú yín ni mo bẹ̀rù."

"O ṣe dáadáa," ni wọ́n wí, ohùn wọn korò.

Ní ọjọ́ kejì, mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo rí Ìyá Eléní tí wọ́n ń bọ̀ láti ibùdókọ̀, wọ́n ká ẹní tuntun kan gbé rù. Ẹní rere, irú èyí tí wọn kì í tà. Wọ́n wọlé lọ bá Folúkẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, alárinà kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n fa ilẹ̀kùn dé, wọ́n gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó.

Obìnrin kan gbé ọmọ dé. "Ìyá, mo fẹ́ rí dókítà."

"Dókítà ń sùn. Dìsípẹ́ńsárì wà ní òpópónà kejì."

Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ń dun òun láti ọdún tó kọjá. "Dókítà ń sùn. Ẹ̀yìn tó ti dùn yín lọ́dún kan á dúró dè é." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá wọn padà títí oòrùn fi kan àtàrí.

Ṣàràfá dé, ó gbé abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

"Dókítà ń sùn," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ìyá, èmi ni."

"Mo rí ẹ. Jókòó síbẹ̀ yẹn, kó o sì dákẹ́. O ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, abọ́ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúrò nídìí ẹ̀rọ mi, mo lọ jókòó tì wọ́n. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ohùn Folúkẹ́ láti inú yàrá, orun ṣì wà nínú ohùn náà. "Ta ló wà níta? Ta ni ara ẹ̀ ò yá?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Ìyá Eléní dáhùn. "Sùn, ọmọ mi."

Ó sì sùn. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi sùn.

Kò dárí ji Ṣàràfá lọ́jọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ó sọ fún un pé ọjọ́ tí òun bá tún wò ó lẹ́nu tó sì dákẹ́, ìyẹn ni ìgbẹ̀yìn. Jímọ̀ Ìkòsí parí. Nígbà tó padà síṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò ní í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán pọ̀ mọ́ iṣẹ́ alẹ́ mọ́, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Àwọn alẹ́ kan wà síbẹ̀ tí yóò wọlé tí kò ní í lè sọ̀rọ̀. Ọdún kan gbáko tún kọjá kí a tó lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo rán aṣọ ìyàwó náà, ìbàdí ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán rẹ̀ káàkiri, kó lè ṣe é tú bó bá tún sanra.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Ìkòsí, oṣù Kejìlá ọdún 1977, Folúkẹ́ tún kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Shittu lórí ẹní tó sùn lé lọ́jọ́sí. Bàbá gbé àdúrà, ó tún di orí ẹni tó tẹ Ìkòsí dó. Wọ́n gbàdúrà dé ti baba ńlá, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ baba. Mo ń wo ọrùn ọmọ náà bó ṣe ń tẹ̀.

"Àmín!" ni Ìyá Eléní kígbe láti ìdí ògiri, láàárín gbólóhùn Bàbá Shittu. Gbogbo ilé yíjú sí wọn. Bàbá Shittu fúnra wọn wò wọ́n, ẹnu wọn ṣì là.

"Ó ti tó, Bàbá," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi dìde."